Abìrùgbọọrọ ni, kì í ṣe párákíìtì

Ó ti sú mi láti máa ka "párákíìtì" nínú àkọsílẹ̀ Yorùbá nípa ẹyẹ. Ẹni tó kọ ọ́ kò túmọ̀ nǹkan kan. Ìró ẹnu òyìnbó, parakeet, ló gbé kalẹ̀, ó to àmì ohùn sí i lórí, ó bá tirẹ̀ lọ. Kí ni òǹkàwé rí mú níbẹ̀? Kò mọ̀ bóyá ẹyẹ náà tóbi tàbí ó kéré, kò mọ ohun tó fi yàtọ̀ sí odídẹ, kò sì mọ ìdí tí ẹyẹ Íńdíà kan àti ẹyẹ Argẹntínà kan fi ń jẹ́ orúkọ kan náà nígbà tí wọn kì í ṣe ọmọ ìyá. Bẹ́ẹ̀ ohun tí orúkọ yẹn ń tọ́ka sí kò ṣòroó fi Yorùbá sọ rárá: ayékòótọ́ tí ìrù rẹ̀ gùn gbọọrọ ni. Abìrùgbọọrọ ni mo ń pè é, n kò sì ní yẹsẹ̀ lórí rẹ̀.

Àwọn kan ti gbìyànjú, ó tọ́ kí n dá wọn lóhùn. Àwọn tó ń kọ "odídẹ kékeré" ló ń bí mi nínú jù, nítorí odídẹ kì í ṣe orúkọ agbo. Ẹyẹ kan pàtó ló ni ín, èyí tí Linnaeus, onímọ̀ tó ń fi Látìnì sọ ẹ̀dá lórúkọ, sọ ní Psittacus erithacus ní 1758: ara rẹ̀ rí eérú-eérú, igbó kìjikìji ni ilé rẹ̀, ìrù rẹ̀ pupa. Ìkóódẹ tí gbogbo wa mọ̀, ara ìrù yẹn ló ti ń wá. Ìrù odídẹ kúrú, ìparí rẹ̀ sì gé pẹ́rẹ́. Báwo ni ẹyẹ aláwọ̀ ewé tí ìrù rẹ̀ tó ìdajì gígùn gbogbo ara rẹ̀ ṣe wá di odídẹ, ì báà jẹ́ kékeré?

"Ayékòótọ́ kékeré" sàn díẹ̀, síbẹ̀ irọ́ ni. Abìrùgbọọrọ tí wọ́n fi orúkọ Alẹkisáńdà Ńlá pè, Psittacula eupatria, máa ń gùn tó nǹkan bíi 58 sẹ̀ǹtímítà láti orí dé ṣónṣó ìrù, odídẹ kì í sì ju nǹkan bíi 33 lọ. Èwo ni kékeré nínú wọn? Lọ́nà kejì, àwọn Agapornis ilẹ̀ Áfíríkà, tí àwọn tó ń sin ẹyẹ ń pè ní ẹyẹ ìfẹ́, wà lára èyí tó kéré jù nínú gbogbo ayékòótọ́, síbẹ̀ kò sí ẹni tó ń kà wọ́n mọ́ irú tí à ń sọ yìí, nítorí ìrù wọn kò ju ṣékélé lọ.

"Ayékòótọ́ aláwọ̀ ewé" ńkọ́? Aratinga solstitialis ti Guyana àti àríwá Brazil, àwọ̀ ìyeyè àti àwọ̀ ọsàn ló bo èyí tó pọ̀ jù nínú ara rẹ̀. Poicephalus senegalus tó wà ní ọ̀dàn Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà sì jẹ́ aláwọ̀ ewé, ṣùgbọ́n ìrù rẹ̀ kúrú, kì í ṣe ọ̀kan nínú wọn. Àwọ̀ kò ràn wá lọ́wọ́ níbí.

Ìrù ló kù, ìrù ni mo sì dì mú. Ẹ̀dá ọ̀rọ̀ náà kò ṣàjèjì. A ní abìwo, a ní abìyẹ́, a ní abìlà, ìlànà kan náà ló bí abìrù. Wọ́n bi mí pé kí ló dé tí mi ò kúkú sọ pé "onírù gígùn". Ọ̀nà ń gùn, okùn ń gùn, ọ̀rọ̀ pàápàá ń gùn. Gbọọrọ ní tirẹ̀ sọ pé nǹkan gùn, ó sì tẹ́ẹ́rẹ́. Bí ìrù ẹyẹ yìí ṣe rí gan-an nìyẹn: ìyẹ́ àárín méjì ló gùn jù, àwọn tó tẹ̀ lé wọn lẹ́gbẹ̀ẹ́ méjèèjì á máa kúrú sí i títí dé ẹ̀gbẹ́, tí ìrù náà á fi ṣe ṣónṣó. Ní ti ayékòótọ́ tí mo fi ṣàlàyé rẹ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀, mo mọ̀ pé ọ̀pọ̀ àgbà ń fi odídẹ àti ayékòótọ́ pe ẹyẹ kan ṣoṣo. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ sísọ ni orúkọ ayékòótọ́ ń wí, kò mẹ́nu kan àwọ̀ tàbí igbó, gbogbo agbo ẹyẹ tó ń sín ènìyàn jẹ ni ó lè gbà. Kí odídẹ dúró ti ẹyẹ tó ni ín, kí ayékòótọ́ gba gbogbo agbo mọ́ra.

Wàyí o, ohun tí orúkọ náà ń ṣe àti ohun tí kò lè ṣe. Ẹ fojú inú wo agbo èrò níbi tí ẹnìkan ti pariwo pé kí gbogbo aláṣọ funfun bọ́ síwájú. Àwọn tó bọ́ síwájú, bàbá kan náà kọ́ ló bí wọn. Ọ̀kan nínú wọn lè ní àbúrò tó wọ búlúù, tó dúró sẹ́yìn, kí òun alára sì máa fi èjìká kan èjìká àjòjì tí aṣọ nìkan dà wọ́n pọ̀. Aṣọ ni abìrùgbọọrọ ń sọ, kò sọ ìdílé.

Ìdílé nìyí. Ayékòótọ́ tó wà láyé tó nǹkan bí ẹ̀yà 400. Ẹ jẹ́ ká fi àwọn ti New Zealand àti àwọn olóṣùṣù orí ti Australia sí apá kan. Nínú ẹbí Psittacidae ni odídẹ wà pẹ̀lú gbogbo ayékòótọ́ ilẹ̀ Amẹ́ríkà, ibẹ̀ náà ni abìrùgbọọrọ Amẹ́ríkà wà: Aratinga, Pyrrhura, Myiopsitta. Inú ẹbí Psittaculidae ni ti Áfíríkà, ti Éṣíà àti ti Australia wà. Ohun tó ti ibẹ̀ jáde ni pé Myiopsitta monachus ti Argẹntínà bá odídẹ tan ju bó ṣe bá abìrùgbọọrọ Íńdíà tan lọ. Abìrùgbọọrọ Íńdíà ní tirẹ̀ súnmọ́ Eclectus ti New Guinea, ẹyẹ tó ki, tí ìrù rẹ̀ kúrú. Èyí tí wọ́n ń sìn jù lọ láyé nínú gbogbo wọn, Melopsittacus undulatus ti Australia, tí mo ń pè ní abìrùgbọọrọ abìlà nítorí ìlà wínníwínní ẹ̀yìn rẹ̀, àwọn ayékòótọ́ tó ń lá oje òdòdó ló bá tan jù, kì í ṣe àwọn onírù gígùn tí wọ́n jọ ń gbé ilẹ̀ kan. Ìrù gígùn ti hù lọ́tọ̀ọ̀tọ̀ ní ìdílé ju ẹyọ kan lọ.

Wọ́n á tún bi mí pé màkáò, ayékòótọ́ ńlá ilẹ̀ Amẹ́ríkà, ńkọ́, ìrù tirẹ̀ kò ha gùn? Ó gùn, abìrùgbọọrọ ni. Àárín àwọn abìrùgbọọrọ Amẹ́ríkà gan-an ni ìwádìí DNA, èròjà inú ara tó ń fi ìran hàn, bá a. Títóbi rẹ̀ ló jẹ́ kí òyìnbó yọ ọ́ sọ́tọ̀, èmi kò sì rí ohun tí ìyẹn fi kàn wá. Bákan náà ni "konúò" tí àwọn tó ń ta ẹyẹ ń fi pariwo àwọn abìrùgbọọrọ Amẹ́ríkà kan. Orúkọ ọjà ni.

Tí ẹ bá fẹ́ mọ ìṣe wọn, ọ̀kan ló yẹ kí ẹ tẹ ojú mọ́: Psittacula krameri, abìrùgbọọrọ olórùka ọrùn. Scopoli, onímọ̀ nípa ẹ̀dá, ló kọ ọ́ sílẹ̀ ní 1769. Ọ̀dàn Áfíríkà ló ní, láti Sẹ̀nẹ̀gà títí dé Ethiópíà, ó sì tún ní Éṣíà láti Pakistan dé Myanmar. Akọ ló ní òrùka: dúdú láti abẹ́ àgbọ̀n, tó ń di pupa fẹ́ẹ́rẹ́ bó bá yí dé ẹ̀yìn ọrùn. Ó tó nǹkan bí ọdún mẹ́ta kí ó tó yọ lára ọmọ akọ, nítorí náà ẹni tó ń wá òrùka láti fi dá akọ mọ̀ lára ọmọ ẹyẹ ń fi àkókò rẹ̀ ṣòfò.

Ẹ wò ó níbi tó ti ń jẹun. Ẹsẹ̀ rẹ̀ ní ọmọ ìka méjì níwájú, méjì lẹ́yìn, ó fi ẹsẹ̀ kan di ẹ̀ka mú, ó fi èkejì gbé èso sẹ́nu. Àgógó òkè kò lẹ̀ mọ́ agbárí gbọnin. Oríkèé wà níbi tó ti pàdé iwájú orí, ó ń lọ sókè sódò fúnra rẹ̀. Ahọ́n tó nípọn á yí kóró náà, á gbé e sí ibi tí etí àgógó ìsàlẹ̀ ti mú, èèpo á bọ́ sílẹ̀, kóró á wọlé. Bó bá fẹ́ gun òkè, á kọ́kọ́ fi ẹnu gbá ẹ̀ka mú, ẹsẹ̀ kan á tẹ̀ lé e, èkejì á tẹ̀ lé e. Àwọn àgbẹ̀ Íńdíà kò fẹ́ràn rẹ̀: ó ń wọ oko ọkà bàbà àti àgbàdo ní agbo, á bù díẹ̀ jẹ lára èyí, á jù ú sílẹ̀, á bọ́ sórí òmíràn.

Àwọ̀ ewé ara wọn tún yẹ fún àkíyèsí, nítorí kò sí aró ewé kankan nínú ìyẹ́ náà. Aró ìyeyè ló wà níbẹ̀, irú tí ayékòótọ́ nìkan ń ṣe nínú ara rẹ̀, ihò tíntìntín inú ìyẹ́ sì ń dá ìmọ́lẹ̀ búlúù padà. Ìyeyè àti búlúù papọ̀, ojú wa rí ewé. Ẹ̀rí rẹ̀ wà lára abìrùgbọọrọ abìlà tí wọ́n ń sìn nínú àgò: èyí tí a bí láìní aró ìyeyè, búlúù ni, èyí tí kò ní aró dúdú, ìyeyè ló ń dà.

Ọ̀pọ̀ wọn kì í kọ́lé. Olórùka ọrùn á wá ihò tí àkókó ti dá sínú igi, á fi ẹnu gbẹ́ ẹ gbòòrò, á sì yé ẹyin funfun mẹ́ta tàbí mẹ́rin síbẹ̀. Ní Amẹ́ríkà Àárín, Eupsittula canicularis ń lu ilé ikán tó wà lórí igi, á gbẹ́ ọ̀nà wọnú rẹ̀, á sì fi í sílẹ̀ fún ìgbà díẹ̀ kí ikán fúnra wọn fi dí ibi tó bàjẹ́, kí ó tó padà wá yé síbẹ̀. Myiopsitta monachus ni ìṣe rẹ̀ yàtọ̀ pátápátá: igi gbígbẹ ló ń kó jọ, ọ̀pọ̀ tọkọtaya á so yàrá pọ̀ mọ́ ara wọn nínú ilé ńlá kan, ẹnu ọ̀nà ẹnì kọ̀ọ̀kan sì wà lọ́tọ̀. Nítorí pé kò nílò ihò igi, ó ti gba ọ̀pọ̀ ìlú ní Sípéènì àti Florida, tó ń kọ́lé sórí òpó iná tí iná á sì kú.

Wọn kì í gbilẹ̀ báyìí níbi gbogbo. Conuropsis carolinensis, abìrùgbọọrọ tó wà ní ìlà-oòrùn orílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà, ti run. Èyí tó gbẹ̀yìn nínú àgò kú ní ọgbà ẹranko Cincinnati ní 1918. Wọ́n ń yìnbọn pa wọ́n nítorí oko; bí ọ̀kan bá sì ṣubú, agbo á padà wá yí i ká, ọdẹ á pa ìyókù. Psittacula eques ti erékùṣù Mauritius ku nǹkan bíi mẹ́wàá ní àwọn ọdún 1980. Àwọn olùtọ́jú fún wọn ní àpótí ìtẹ́ àti oúnjẹ, wọ́n sì ti pé ọgọ́rọ̀ọ̀rún báyìí.

Ibí ni orúkọ tó tọ́ ti di ọ̀rọ̀ òfin. CITES, àdéhùn àgbáyé lórí òwò ẹ̀dá inú igbó, kó gbogbo ayékòótọ́ sábẹ́ òfin láti 1981, àfi ẹ̀yà mélòó kan, olórùka ọrùn sì jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn tí a yọ. Odídẹ ní tirẹ̀ wà nínú Àfikún Kìíní láti ọdún 2017, èyí tó fòfin de títa èyí tí a mú nínú igbó láti orílẹ̀-èdè kan sí òmíràn fún èrè. Ẹni tó kọ "odídẹ kékeré" sórí ìwé ẹyẹ olórùka ọrùn ti da ẹyẹ tí òfin dáàbò bò jù pọ̀ mọ́ èyí tí kò sí nínú àtòkọ. Mi ò mọ ìdí tí àwọn olùtumọ̀ kò fi rí ewu yẹn.

Àwọn tó gbára lé Látìnì náà kò sinmi. Ìwádìí DNA fi hàn pé Psittacula kì í ṣe ìran kan, àwọn àtòkọ kan sì ti sọ olórùka ọrùn di Alexandrinus krameri. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe tú Aratinga sí mẹ́rin ní nǹkan bí ọdún 2013. Abìrùgbọọrọ kò nílò àtúnṣe kankan, nítorí ìrù ẹyẹ náà kò yí padà.

Ó ku Brotogeris jugularis ti Amẹ́ríkà Àárín. Òyìnbó kà á mọ́ àwọn wọ̀nyí, ṣùgbọ́n ìrù rẹ̀ kúrú, mi ò lè fi abìrùgbọọrọ pè é. Ayékòótọ́ lásán ni mo kọ fún un, mo sì fi àmì ọsàn tó wà lábẹ́ àgbọ̀n rẹ̀ júwe rẹ̀.