Kí ló dé tí èrú ìbò fi máa ń dà bí ọgbọ́n lójú wa tó bá jẹ́ pé ẹgbẹ́ wa ló ṣe é?

Ìbéèrè: Kí lẹ ń pè ní èrú ìbò gan-an? Ṣé owó tí wọ́n ń pín níbi ìdìbò yẹn náà ni?

Ó jùyẹn lọ o. Owó pínpín kàn lèyí tójú gbogbo wa ń rí ni. Èrú lè bẹ̀rẹ̀ látìgbà tí ẹni tó fẹ́ díje bá ń wá ẹni tó máa gba fọ́ọ̀mù lọ́wọ́ ẹ̀ tí ò sì rẹ́nì kankan. Ohun tó ṣẹlẹ̀ ní Ìwọ̀-Oòrùn lóṣù kẹwàá 1965 nìyẹn, àwọn òṣìṣẹ́ ìdìbò kàn pòórá, àwọn tó fẹ́ bá ẹgbẹ́ NNDP ti Akíntọ́lá, olórí ìjọba ibẹ̀, díje gbé fọ́ọ̀mù títí, kò sẹ́ni tó gbà á, wọ́n wá ní àwọn ọmọ NNDP ibẹ̀ ti wọlé láìsí alátakò. Níbi tí wọ́n tiẹ̀ ti dìbò, ohun tí wọ́n kà fáwọn èèyàn níbùdó kọ́ ni rédíò ń sọ. Àlàájì Dauda Adégbénrò tó ṣíwájú UPGA, ẹgbẹ́ àwọn alátakò, kéde èsì tiwọn, ni wọ́n bá gbé e. Wẹ́tìẹ̀ ló tẹ̀lé e, wọ́n ń da bẹntiróòlù sára ilé, sára mọ́tò, sára èèyàn alààyè, títí táwọn sójà fi gbàjọba lọ́jọ́ 15 oṣù kìíní 1966.

Ní 1983 ẹ̀wẹ̀, ní ìpínlẹ̀ Oǹdó, FEDECO, àjọ ìdìbò ìgbà yẹn, kéde pé Akin Ọmọ́bóríowó ti NPN ló na Adékúnlé Ajáṣin ti UPN tó jẹ́ gómìnà. Ọmọ́bóríowó yìí, igbákejì Ajáṣin fúnra ẹ̀ ló jẹ́ kó tó sọdá sí NPN. Àkúrẹ́ gbaná, wọ́n sunlé, wọ́n pààyàn, Ọláìyá Fágbàmígbé tó ń tẹ̀wé wà nínú àwọn tó bá a lọ. Kóòtù ló padà dá Ajáṣin sípò. Mo ń sọ gbogbo eléyìí nítorí àwọn tó máa ń ní àwọn olóṣèlú òde òní ló bayé jẹ́, pé àwọn ti àtijọ́ ò ṣerú bẹ́ẹ̀.

Ìbéèrè: Tí wọ́n bá ra ìbò mi, báwo ni wọ́n ṣe máa mọ̀ pé àwọn ni mo dì í fún? Ṣebí ìkọ̀kọ̀ ni.

Ìkọ̀kọ̀ nínú òfin. Ní Èkìtì lọ́jọ́ 14 oṣù keje 2018, níbi ìdìbò gómìnà tí Káyọ̀dé Fáyẹmí ti APC ti na Kọ́lápọ̀ Olúṣọlá ti PDP, ọ̀rọ̀ tó wà lẹ́nu tọmọdé tàgbà ni "dìbò kóo sebẹ̀". Bí wọ́n ṣe máa ń ṣe é rèé: wàá gba ìwé ìbò, wàá tẹ̀ka, bóo bá ti ń bọ̀ níbi tí wọ́n fi páálí bò yẹn, o ò ní ká ìwé sínú bó ṣe yẹ, ìta lo máa ká a sí, kí ẹni tó dúró nítòsí àpótí lè rí ibi tí íńkì wà. Kò ní sọ̀rọ̀ kankan, á kàn ṣẹ́jú sẹ́nì kejì. Ìwọ á ju ìwé sínú àpótí, wàá yà sẹ́yìn ilé kan bí ẹni fẹ́ tọ̀, wọ́n á yẹ orúkọ ẹ wò nínú ìwé pélébé kan, wọ́n á kà á sí ẹ lọ́wọ́, ó parí. Àwọn míì á fi fóònù ya ìwé ìbò wọn, òun ló jẹ́ kí INEC sọ pé kẹ́nikẹ́ni má mú fóònù wọbi ìtẹ̀ka mọ́. Àwọn tó wá ṣọ́ ìdìbò náà ní ẹgbẹ́ méjèèjì ló náwó o, kì í ṣe ẹgbẹ́ kan.

Òfin ìdìbò 2022 ò sì yọ ẹni tó gbowó sílẹ̀, àtẹni tó fún un àtẹni tó gbà á, ẹ̀wọ̀n oṣù 12 ló là sílẹ̀, tàbí owó ìtanràn tó lè tó 500,000 náírà, tàbí méjèèjì pọ̀.

Ìbéèrè: Kí ló wá dé tí ẹni tó ń sunkún èrú lánàá fi ń jó sí i lónìí?

Ẹ jẹ́ ká mú ìdìbò gómìnà Ọ̀ṣun, torí níbẹ̀ lẹ ti máa rí i kedere jù. Ọjọ́ 22 oṣù kẹsàn-án 2018, Adémọ́lá Adélékè ti PDP ní ìbò 254,698, Gbóyèga Oyètọ́lá ti APC ní 254,345. Ìbò 353 péré ló wà láàárín wọn. INEC ní ìdìbò ò tíì parí, pé ìbò tí wọ́n wọ́gi lé ní ibùdó méje ju 353 lọ, kí wọ́n lọ tún ibẹ̀ dì. Lọ́jọ́ 27 tí wọ́n padà síbẹ̀, àwọn èèyàn ń ké pé wọ́n ń dá àwọn padà lójú ọ̀nà, àwọn oníròyìn àtàwọn tó wá ṣọ́ ìdìbò rí ìdẹ́rùbà débi pé àwọn aṣojú Amẹ́ríkà, Bìrìtìkó àti ìṣọ̀kan Yúróòpù jọ kọ̀wé síta pé ohun táwọn rí ò tẹ́ àwọn lọ́rùn. Ibùdó méje yẹn ló gbé Oyètọ́lá borí, ó fi ìbò 482 na Adélékè. Tríbúnà ní Adélékè ló wọlé, kóòtù kò-tẹ́-mi-lọ́rùn ní rárá, kóòtù tó ga jù lọ fi Oyètọ́lá sórí oyè lóṣù keje 2019.

Ó tún di 2022, Adélékè ní 403,371, Oyètọ́lá ní 375,027. Lóṣù kìíní 2023 tríbúnà yọ Adélékè, wọ́n ní ìbò tí wọ́n kà láwọn ibùdó kan pọ̀ ju iye èèyàn tí ẹ̀rọ BVAS, èyí tó ń yẹ olùdìbò wò, kà lọ. Lóṣù kẹta kò-tẹ́-mi-lọ́rùn dá a padà, lóṣù karùn-ún kóòtù tó ga jù lọ fòǹtẹ̀ lù ú.

Ẹ wá gbọ́ ohun táwọn èèyàn ń sọ nígbà yẹn. Àwọn APC tó ń sọ ní 2018 pé ẹni tí INEC bá ti kéde ló wọlé, kí àwọn yòókù lọ sinmi, àwọn kan náà ló ń ṣí ìwé BVAS lójú ewé lójú ewé ní 2022 pé INEC ti ṣèrú. Àwọn PDP tó ní INEC ò ṣeé fọkàn tán ní 2018, INEC di olóòótọ́ lójú wọn ní 2022, adájọ́ sì di ẹni tí wọ́n ti fún lówó lóṣù kìíní, ó tún padà di adájọ́ gidi lóṣù karùn-ún. Èmi ò sọ pé ọ̀rọ̀ méjèèjì dọ́gba, lójú tèmi ti 2018 yẹn burú jù, torí kí wọ́n dá olùdìbò padà lójú ọ̀nà kì í ṣe ọ̀rọ̀ ìṣirò ẹ̀rọ rárá. Ṣùgbọ́n mi ò rẹ́ni púpọ̀ tó ń wọn ìkan mọ́ ìkejì nígbà yẹn, ẹgbẹ́ tó ṣe é lọ̀pọ̀ èèyàn kọ́kọ́ wò.

Ìbéèrè: Ṣé irọ́ ni wọ́n ń pa ni, àbí wọn ò rí i lóòótọ́?

Àwọn kan ń parọ́, àwọn tí wọ́n ń sanwó dátà fún kí wọ́n lè máa pariwo. Ṣùgbọ́n àwọn tó pọ̀ jù ò rí i lóòótọ́, èyí sì ni ibi tó yẹ kó bà wá lẹ́rù.

Lóṣù kọkànlá 1951 yunifásítì méjì ní Amẹ́ríkà, Princeton àti Dartmouth, gbá bọ́ọ̀lù tiwọn tí wọ́n máa ń fọwọ́ gbé sáré yẹn. Ó le gan-an, imú ọmọ Princeton tó dáńgájíá jù kán, ẹsẹ̀ ọmọ Dartmouth kan náà kán. Onímọ̀ ìrònú ẹ̀dá méjì, Hastorf àti Cantril, wá gbé fídíò eré yẹn fáwọn akẹ́kọ̀ọ́ ilé ẹ̀kọ́ méjèèjì pé kí wọ́n máa sàmì sí gbogbo ibi tí ẹnikẹ́ni bá ti rú òfin eré. Fídíò kan náà ni gbogbo wọn wò o. Ìrúfin tí àwọn ọmọ Princeton rí lọ́wọ́ Dartmouth ju ìlọ́po méjì èyí tí àwọn ọmọ Dartmouth rí lọ́wọ́ ẹgbẹ́ tiwọn. Kò sẹ́ni tó fún wọn ní kọ́bọ̀, kò sí ipò kankan tí wọ́n máa jẹ níbẹ̀.

Bọ́ọ̀lù lásán nìyẹn. Ká wá fi owó, ipò, ìlú ẹni àti ìjà ọdún gbọọrọ kún un, kí lẹ rò pé ó máa ṣẹlẹ̀? Àwọn baba wa ti sọ ọ́ pé ọmọ ẹni ò ní ṣèdí bẹ̀bẹ̀rẹ̀ ká fìlẹ̀kẹ̀ sídìí ọmọ ẹlòmíì. Ẹ wo bí a ṣe ń ṣe tí fídíò bá wọlé sórí fóònù wa. Tó bá jẹ́ àwọn tọ́ọ̀gì ẹgbẹ́ kejì ló ń gbé àpótí ìbò sá, kí àbùrò bàbá mi kan tó wò ó tán ló ti fi ránṣẹ́ sí èèyàn ogún. Tó bá jẹ́ tiwa, òun kan náà á kọ́kọ́ bèèrè pé ìgbà wo ni wọ́n ya á, ṣé ìpínlẹ̀ wa nìyí lóòótọ́, wo mọ́tò yẹn, nọ́ńbà ibòmíì ló wà lára ẹ̀. Ìbéèrè tó dáa ni gbogbo ẹ̀. Ó kàn jẹ́ pé kì í bèèrè wọn lórí fídíò àwọn tọ̀hún ni. Agbọ́ẹjọ́-ẹnìkan-dá sì ni wá báyẹn, kódà nígbà tí ẹjọ́ méjèèjì wà níwájú wa.

Ìbéèrè: Ṣé kì í ṣe pé ẹ ń sọ pé gbogbo wọn ò yàtọ̀? Ohun táwọn ọ̀bàyéjẹ́ fẹ́ gbọ́ nìyẹn.

Rárá, wọ́n yàtọ̀. Irọ́ tí wọ́n pa mọ́ ẹni tó ń díje ò burú tó owó tí wọ́n pín, owó tí wọ́n pín ò tó pé kí wọ́n ká ẹnì kan mọ́ ibi tó ti fẹ́ dìbò kí wọ́n fi kùmọ̀ lé e. Ọ̀rọ̀ Èkó lóṣù kẹta 2023 ń dùn mí títí dòní. Níbi ìdìbò gómìnà yẹn, wọ́n dẹ́rù ba àwọn èèyàn láwọn ibùdó kan, wọ́n ń lé wọn pé Igbo ni wọ́n, wọ́n tiẹ̀ lé àwọn Yorùbá kan pé ojú wọn jọ ti Igbo, àwọn tí ìṣọ̀kan Yúróòpù rán wá ṣọ́ ìdìbò náà kọ ọ̀rọ̀ ìdẹ́rùbà yẹn sílẹ̀. Àwa tí baba wa sọ wẹ́tìẹ̀ fún, àwa tó yẹ ká kọ́kọ́ pariwo, ọ̀pọ̀ wa ló dákẹ́, àwọn míì ní kí wọ́n padà sílé wọn lọ dìbò. Ẹni tó bá ní 1965 burú tó wá ní 2023 ò sí ńkan níbẹ̀, kó ṣàlàyé ohun tó burú ní 1965 fún mi.

Ìbéèrè: Ó dáa, ṣùgbọ́n kí ni aburú tó wà níbẹ̀ tí kálukú bá ń gbè sẹ́yìn ẹgbẹ́ ẹ̀?

Aburú tó wà níbẹ̀ ni pé olóṣèlú mọ ìṣirò. Ó mọ̀ pé àwọn tí inú máa bí sí èrú òun làwọn tí ò ní dìbò fóun tẹ́lẹ̀, wọn ò sì lè fìyà ìbò kankan jẹ ẹ́. Àwọn tó lè fìyà jẹ ẹ́ ni èèyàn tiẹ̀, àwọn yẹn sì ń pàtẹ́wọ́. Kí ló fẹ́ máa bẹ̀rù?

Àwọn fúnra wọn ò sì ka ẹgbẹ́ sí tó bí a ṣe kà á sí. Ní 2007 wọ́n kéde Ṣẹ́gun Òní ti PDP ní Èkìtì, Fáyẹmí tó wà ní AC gba kóòtù lọ, wọ́n tún ìdìbò dì láwọn ibì kan ní 2009, ìgbà yẹn ni ọ̀gá INEC ìpínlẹ̀ náà, Ìyáàfin Àyọ̀ká Adébáyọ̀, kọ̀wé pé ẹ̀rí ọkàn òun ò jẹ́ kóun lè kéde èsì, ó padà wá, wọ́n sì kéde Òní. Oṣù kẹwàá 2010 ni kóòtù tó dá Fáyẹmí láre. Àwọn ọ̀dọ́ gba ọta ìbọn, àwọn ará ilé kan náà ò kíra wọn mọ́. Nígbà tó fi máa di 2014, Òní ti wà nínú APC pẹ̀lú Fáyẹmí.

Ọdún 2014 yẹn kan náà Fáyóṣe ti PDP na Fáyẹmí ní gbogbo ìjọba ìbílẹ̀ 16. Ní 2015 téèpù kan jáde, Kápítẹ́ènì Sagir Koli ló ní òun gba ohùn náà sílẹ̀, tó ní wọ́n ń ṣètò bí sójà ṣe máa bá wọn ṣiṣẹ́ nídìbò, wọ́n ní ohùn Fáyóṣe, Músílíù Ọbaníkòró àti Ìyíọlá Ọmíṣore wà níbẹ̀. Fáyóṣe kọ́kọ́ ní ayédèrú ni, kóòtù ò sì dá ẹnì kankan nínú wọn lẹ́bi lórí ẹ̀. APC ló pariwo téèpù yẹn jù. Ní 2017 Ọbaníkòró wọ APC, ní 2022 Ọmíṣore di akọ̀wé àpapọ̀ APC. Téèpù yẹn ò yí padà o. Ariwo ló tán.

Ìbéèrè: Ṣé ẹnì kankan tiẹ̀ wà rí tó dájọ́ tako ara ẹ̀?

Ó wà. Lọ́jọ́ tí wọ́n búra fún Umaru Yar'Adua, 29 oṣù karùn-ún 2007, ó sọ lójú gbogbo ayé pé ìdìbò tó gbé òun wọlé ní àbùkù. Ó sì gbé ìgbìmọ̀ Adájọ́ Uwais kalẹ̀ láti tún ètò ìdìbò ṣe. Kò kúrò lórí oyè o, ẹ lè bá a wí fún ìyẹn, èmi náà rò pé ó kù díẹ̀. Ṣùgbọ́n ó sọ ọ́, àwọn ọmọ ẹgbẹ́ ẹ̀ tó jókòó síbẹ̀ ò sì rí nǹkan fi dáhùn.

Ìbéèrè: Ẹ̀gbọ́n mi kan máa ń ní "gbogbo wọn ló ń ṣe é", ọ̀rọ̀ sì parí. Kí ni kí n sọ fún un?

Ẹ má bá a jiyàn lórí ẹgbẹ́ tó burú jù, ilẹ̀ á mọ́ bá yín níbẹ̀. Ẹ fọ̀wọ̀ bi í, kí ìdìbò tó dé, nígbà tí kò tíì sẹ́ni tó mọ ẹni tó máa ṣe é: tí wọ́n bá ká ẹnì kan mọ́ ibi tó ti ń pín owó lẹ́yìn ilé, tàbí ibi tó ti ń dá olùdìbò padà lójú ọ̀nà, kí ni kí wọ́n ṣe fún un? Ẹ jẹ́ kó sọ ọ́ fúnra ẹ̀, kẹ́yin náà sọ tiyín, kẹ́ ẹ jọ kọ ọ́ sínú fóònù yín méjèèjì pẹ̀lú déètì. Lálẹ́ ọjọ́ ìdìbò, ẹ pè é, kẹ́ ẹ kọ́kọ́ ka èyí tí àwọn ẹgbẹ́ tiyín ṣe fún un, kó tó di pé ẹ bi í nípa tiẹ̀.