Ẹbìtì tí Ẹyìn Rẹ̀ ń Hanrun

Àlejò tí ó bá dé sí Ilé-Ifẹ̀ nítorí ọdún Ọlọ́jọ́, nígbà tí òjò kò tíì kásẹ̀ nílẹ̀, sábà máa ń fojú burúkú wo omi dúdú inú gọ́tà, a sì fi sọ́kàn pé ibẹ̀ ni ibà ti ń bọ̀. Ẹ̀fọn wà níbẹ̀ lóòótọ́, wọ́n sì ń jẹni, ṣùgbọ́n ẹ̀yà tí ó ń gbé ibà kiri, Anopheles, kì í sábà yé ẹyin sínú irú omi bẹ́ẹ̀. Omi òjò tí ó mọ́, tí oòrùn ń ràn sí, ni ó fẹ́ràn: ipa táyà lójú ọ̀nà oníyẹ̀pẹ̀, ojú ẹsẹ̀ màlúù, kòtò tí wọ́n ti gbẹ́ amọ̀. Ẹni tí ó ń ṣọ́ gọ́tà ń ṣọ́ ẹnu ọ̀nà tí olè kò gbà.

Abo ẹ̀fọn nìkan ni ó ń mu ẹ̀jẹ̀, nítorí ẹyin tí ó fẹ́ yé. Láti nǹkan bí aago 10 alẹ́ títí di ìdájí ni iṣẹ́ Anopheles máa ń gbóná jù. Ìpara alé-ẹ̀fọn tí ó ní èròjà DEET ń ṣiṣẹ́ dáadáa, ṣùgbọ́n kò dájú pé èyí tí a fi para ní aago 7 yóò bá ni dé aago 3 òru. Nẹ́ẹ̀tì ni ó lè bá ni mọ́jú.

Ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé ògiri ni nẹ́ẹ̀tì. Rárá o, ẹbìtì ni. Afẹ́fẹ́ tí a ń mí síta ni ẹ̀fọn kọ́kọ́ ń tọ̀ bọ̀ láti ọ̀nà jíjìn, kí ó tó fi òórùn ara àti ooru awọ mọ ibi tí yóò bà sí. Nẹ́ẹ̀tì kò dí ìkankan nínú wọn. Èémí àti ooru ẹni tí ó sùn yóò gòkè, ẹ̀fọn yóò sì wá gúnlẹ̀ sí orí nẹ́ẹ̀tì, yóò fò, yóò tún bà, bí ẹni tí ó ń gbóòórùn ọbẹ̀ láti ẹ̀yìn ilẹ̀kùn tí a tì. Gbogbo ìgbà tí ẹsẹ̀ rẹ̀ bá kan fọ́nrán òwú náà ni ó ń kó oògùn apakòkòrò tí wọ́n ti fi sí i. Nínú ẹbìtì inú igbó, ẹyìn tí a fi dẹ ẹ́ lè bá eku lọ. Nínú èyí, ẹyìn náà ń hanrun, yóò jí ní òwúrọ̀, yóò sì mu ẹ̀kọ. Ẹ̀fọn tí ó bá kú síbẹ̀ kò sì ní dé yàrá kejì, tí ó fi jẹ́ pé ẹni tí kò sùn sábẹ́ nẹ́ẹ̀tì pàápàá ń jẹ nínú èrè ẹni tí ó sùn sábẹ́ rẹ̀. Ìdẹ tí ó gbọ́n tó èyí ṣọ̀wọ́n.

Ṣùgbọ́n ẹbìtì tí kò bá peku, kí ó fẹyìn fún ẹlẹ́yìn. Oògùn ara nẹ́ẹ̀tì máa ń ṣá bí a bá fi bílíìṣì fọ̀ ọ́ tàbí tí a sá a sínú oòrùn. Lẹ́yìn nǹkan bí ọdún 3, ó ti tó pààrọ̀. Àwọn ẹ̀fọn kan pẹ̀lú ti borí oògùn àtijọ́, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń po èròjà méjì pọ̀ sára àwọn tuntun kan. Èyí tí a bá ní hòtẹ́ẹ̀lì, tí wọ́n ta ní kókó sókè bẹ́ẹ̀dì bí gèlè tí eruku ti bò, ọ̀ṣọ́ lásán ni. Kí àlejò mú tirẹ̀ dání, kí ó kọ́kọ́ na nẹ́ẹ̀tì tuntun sí ibòji kí afẹ́fẹ́ fẹ́ sí i fún ọjọ́ kan, kí ó ki etí rẹ̀ bọ abẹ́ fóòmù, kí apá rẹ̀ má sì fara tì í lóru, nítorí ẹ̀fọn lè gún un láti ìta.

Ti ọ̀sán yàtọ̀. Ẹ̀yà ẹ̀fọn mìíràn, Aedes ẹlẹ́sẹ̀ abilà, tí ó ń yé ẹyin sínú táyà àti agolo tí ó gbomi dúró, ni ó ń jẹni nígbà náà. Ó lè gbé ibà pọ́njú, tí abẹ́rẹ́ àjẹsára wà fún. Ìpara ni a fi ń dá a dúró.

Bí kòkòrò ibà bá wọ ara, inú ẹ̀dọ̀ ni ó ń kọ́kọ́ sá sí, ó sì máa ń tó nǹkan bí ọjọ́ 7, ó kéré tán, kí ara tó gbóná. Ọmọ Ifẹ̀ tí ó ti ń gbé Lọ́ńdọ̀nù láti ọdún 10, tí kò lo oògùn ìdènà ibà nítorí pé ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ti mọ ibà láti kékeré, lè jó ọdún tán, kí ó wọ bàálù padà, kí ara rẹ̀ má gbóná títí di ọ̀sẹ̀ kejì. Ààbò ìgbà èwe náà ti ṣá, bí oògùn nẹ́ẹ̀tì tí a fọ̀ jù. Níwájú dókítà, orúkọ Ifẹ̀ ni ó yẹ kí ó kọ́kọ́ ti ẹnu rẹ̀ jáde, kí wọ́n má baà pè é ní òtútù.