Projector LED alágbèéká: ibi tí ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ ń gbà, àti ibi tó ń ṣòfò sí

Lórí káńtà ṣọ́ọ̀bù kan ní Taiwo, nílùú Ìlọrin, páálí projector mẹ́ta lè tò léra wọn: ọ̀kan kọ 6,000 lumen (ìwọ̀n iye ìmọ́lẹ̀ tó ń jáde) sára, èkejì kọ 9,000, ẹ̀kẹta kọ 15,000. Ẹ̀rọ inú wọn kò tóbi ju ike oúnjẹ ọmọ iléèwé lọ. "Àlájì, 9,000 lumen nì yí o, ọ̀sán gangan ló ń ṣiṣẹ́," ni ọlọ́jà á wí. Bẹ́ẹ̀, 6,000 lumen tòótọ́, inú projector gbọ̀ngàn ńlá tí wọ́n ń kàn mọ́ àjà ló wà, èyí tí owó rẹ̀ ju owó ọ̀kadà tuntun lọ. Nǹkan kan kò bára mu níbẹ̀.

Ìmọ́lẹ̀ ni à ń rà nínú projector. Gbogbo ìyókù, ẹ̀yìn rẹ̀ ló ń tẹ̀ lé. Ẹni tó bá fẹ́ yan èyí tó dáa, kó tẹ̀ lé ìmọ́lẹ̀ náà láti inú ẹ̀rọ títí dé ara ògiri. Bí oníṣòwò ayé àtijọ́ ṣe máa ń dé ibodè kan tẹ̀ lé òmíràn, tí oníbodè kọ̀ọ̀kan ń gba tirẹ̀, bẹ́ẹ̀ náà ni ìmọ́lẹ̀ ń san owó ibodè lójú ọ̀nà. Èyí tó kù lọ́wọ́ rẹ̀ nígbà tó bá délé ni ojú máa rí.

LED ni orísun rẹ̀, irú kan náà pẹ̀lú èyí tó wà nínú tọ́ọ̀ṣì àti gílóòbù òde òní. Funfun tó ń tàn níbẹ̀, búlúù ni ní ìpìlẹ̀. Wọ́n fi èròjà aláwọ̀ ìyeyè bò ó lójú ni ó fi di funfun. LED búlúù yìí ló dààmú àwọn onímọ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún. Àwọn mẹ́ta tó yanjú rẹ̀, Isamu Akasaki, Hiroshi Amano àti Shuji Nakamura, gba ẹ̀bùn Nobel nínú físíìsì lọ́dún 2014.

Gílóòbù gbígbóná ni projector àtijọ́ ń lò. Wákàtí 2,000 sí 5,000 ló sábà máa ń lò kó tó kú. LED ń lo 20,000 sí 30,000 kí ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ tó rẹ̀ dé ìdajì. Ilé tó bá ń tàn án ní wákàtí mẹ́ta lójúmọ́, 20,000 yẹn á fún un ní ọdún 18. Ká sòótọ́, fáànù inú rẹ̀ á ti dákẹ́ tipẹ́ kí ọdún 18 tó pé. Àǹfààní tó ṣe pàtàkì jù fún wa kì í tilẹ̀ ṣe ọjọ́ orí. Gílóòbù gbígbóná fẹ́ kí fáànù máa fẹ́ ẹ fún ìṣẹ́jú díẹ̀ lẹ́yìn tí wọ́n bá pa á. Níbi tí wọ́n ti ń mú iná lọ láìkìlọ̀, kì í pẹ́ tó fi ń bàjẹ́. LED ò ní irú ìyọnu yẹn. Wọ́n mú iná lọ, ó kú. Wọ́n gbé e dé, a tún un tàn.

Ibodè àkọ́kọ́ ni ibi tí ìmọ́lẹ̀ ti ń di àwòrán. Nínú ọ̀pọ̀ projector olówó pọ́ọ́kú, gíláàsì LCD kan ṣoṣo ni. Ó ní ojú kéékèèké tó lé ní ọ̀kẹ́ mélòó kan, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan ń ṣí, tó sì ń pa dé, láti jẹ́ kí pupa, àwọ̀ ewé tàbí búlúù kọjá. Àmọ́ LCD kì í ṣiṣẹ́ láìsí awẹ́ tín-ín-rín kan tó ń jẹ́ polariser, oníbodè tí kò mọ ojú àánú: ó kéré tán, ìdajì ìmọ́lẹ̀ ló ń gbé mì. Àwọ̀ mẹ́ta tí wọ́n kùn sójú gíláàsì náà tún ń gba bí ìdá méjì nínú mẹ́ta èyí tó kù. Tí 100 bá wọlé, èyí tó jáde kì í sábà tó 17.

Ọ̀nà kejì ni DLP. Larry Hornbeck, onímọ̀ kan ní iléeṣẹ́ Texas Instruments ní Amẹ́ríkà, ló ṣẹ̀dá ohun tó wà nídìí rẹ̀ lọ́dún 1987: dígí kéékèèké tí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn kéré ju ìbú fọ́nrán irun kan lọ, tí wọ́n tò ní ẹgbẹẹgbẹ̀rún lọ́nà ẹgbẹ̀rún sójú ohun tí kò tó èékánná àtàǹpàkò. Dígí tó bá kọjú sí lẹ́ǹsì, ibẹ̀ á mọ́lẹ̀ lára ògiri; èyí tó bá kẹ̀yìn sí i, ibẹ̀ á ṣókùnkùn. Wọ́n ń ṣe é ní ẹgbẹẹgbẹ̀rún ìgbà láàárín ìṣẹ́jú-àáyá kan, pupa, àwọ̀ ewé àti búlúù sì ń gba ipò lọ́wọ́ ara wọn lọ́nà tó yá ju ohun tí ojú lè kà lọ. Ojú àwọn kan ṣì máa ń rí i bí òṣùmàrè tí wọ́n bá yára yí orí. Ìmọ́lẹ̀ tó ń ṣòfò níbẹ̀ kéré sí ti LCD, ìdí nìyẹn tí projector DLP tó ṣeé fi sápò aṣọ fi lè mọ́lẹ̀ ju LCD tó tóbi jù ú lọ. Owó ẹ ò ṣeé fi wéra, ṣá.

Iye ojú kéékèèké yẹn ló ń sọ bí lẹ́tà á ṣe hàn gaara tó. Ẹni tó bá ti dúró ti àwọn ahunṣọ Ìlọrin rí mọ̀ pé okùn tó nípọn kò lè gba ọnà wẹ́wẹ́. Òfì tí okùn rẹ̀ tín-ín-rín, tó sì pọ̀, lọnà rẹ̀ ń hàn. Ojú 854 ní fífẹ̀ lọ́nà 480 ní gíga ni okùn tó nípọn. 1280 lọ́nà 720 tó fún fíìmù àti bọ́ọ̀lù. 1920 lọ́nà 1080 ni tí a bá máa fi ka ìwé lára ògiri. Ọ̀rọ̀ tó yẹ kí ojú wá lára páálí ni "native", ìyẹn iye ojú tó wà nínú ẹ̀rọ náà gan-an. Èyí tí wọ́n fi lẹ́tà gàdàgbà kọ, pé ó "support" 4K, àwòrán tí ojú rẹ̀ pọ̀ ju gbogbo èyí tí a kà yìí lọ, kò ju pé ẹ̀rọ náà á gba fíìmù 4K wọlé, á sì fún un pọ̀ mọ́ iye ojú tó ní. Ẹnu ọ̀nà fẹ̀, yàrá ò fẹ̀.

Lẹ́yìn lẹ́ǹsì ni ibi tí ìṣirò ti ń di ti ẹni tó ń rà á. Projector kọ̀ọ̀kan ní iye kan tí wọ́n ń pè ní throw ratio: jíjìnnà sí ògiri, tí a fi fífẹ̀ àwòrán pín. Tó bá jẹ́ 1.3, tí a sì gbé e sí mítà 3 sí ògiri pálọ̀ kan ní Tanke, àwòrán á fẹ̀ ní mítà 2.3, á ga ní 1.3. Tí a bá fi fífẹ̀ sọ gíga di púpọ̀, ìyẹn jẹ́ bí square metre 3. Tí ìmọ́lẹ̀ tòótọ́ inú rẹ̀ bá jẹ́ lumen 300, 300 yẹn la máa pín sórí square metre 3: ọ̀kọ̀ọ̀kan gba 100, tí à ń pè ní 100 lux. Bí ṣíbí epo kan lórí iṣu ni. Epo ò pọ̀ sí i nítorí pé iṣu pọ̀. Tí fífẹ̀ àwòrán bá di ìlọ́po méjì, iṣu ti di mẹ́rin, epo ò sì yí padà.

Ní alẹ́, tí a ti pa iná pálọ̀, 100 lux dùn ún wò. Ọ̀sán ló ń tú àṣírí. Projector kò lè tan dúdú. Dúdú tí à ń rí nínú àwòrán ni ara ògiri níbi tí ìmọ́lẹ̀ kò bà. Ní kíláàsì kan l'Ọ́fà tàbí Òmù-Àrán, tí fèrèsé rẹ̀ ò ní kọ́tìnnì, ìmọ́lẹ̀ ọ̀sán tó ń bà sára ògiri lè tó 300 lux. Dúdú àwòrán ti di 300 nìyẹn. Funfun rẹ̀ jẹ́ 300 ti ọ̀sán pẹ̀lú 100 ti projector, 400. Mẹ́rin sí mẹ́ta: ọmọ tó jókòó lẹ́yìn á kàn rí ògiri tó rí bákan ni. Tíṣà tó bá gbé ẹ̀rọ kan náà sún mọ́ ògiri títí àwòrán fi fẹ̀ ní mítà kan péré á rí i pé ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ ti di bí 530 lux. Funfun di 830, dúdú ṣì wà ní 300, ó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tó mẹ́ta sí ọ̀kan, lẹ́tà á hàn. Ṣùgbọ́n ọmọ mélòó ló máa rí àwòrán mítà kan nínú kíláàsì ọlọ́gọ́ta? Nínú kíláàsì bẹ́ẹ̀, lumen tòótọ́ tó tó 3,000 ni kò ní fa ẹjọ́, projector alágbèéká tó sì ní irú rẹ̀ ò wọ́pọ̀. Aṣọ tó nípọn lójú fèrèsé méjì tó sún mọ́ ògiri yẹn dínwó gan-an ju ẹ̀rọ tuntun lọ, bí aṣọ ṣe wọ́n tó lónìí náà.

Ìyẹn ló fi ṣe pàtàkì láti mọ lumen wo ni páálí ń sọ. Èyí tó ṣeé gbára lé ni ANSI tàbí ISO, orúkọ àwọn àjọ tó ń gbé ìlànà ìwọ̀n kalẹ̀. Láti wọn ANSI, wọ́n á pín àwòrán funfun sí onígun mẹ́sàn-án, wọ́n á wọn ìmọ́lẹ̀ àárín ọ̀kọ̀ọ̀kan lára ògiri, wọ́n á wá ìpíndọ́gba rẹ̀, wọ́n á sì fi fífẹ̀ àti gíga àwòrán sọ ọ́ di púpọ̀. Ìmọ́lẹ̀ tó délé ni wọ́n ń kà. Lumen tí kò lórúkọ kankan níwájú, ẹni tó tẹ páálí ló mọ ibi tó ti rí i. Bóyá èyí tó kúrò lójú LED kí oníbodè kankan tó gba tirẹ̀, bóyá kò tilẹ̀ tibì kankan wá. Ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ kékeré tó kọ 9,000 sára kì í pé 300 ANSI.

Fóònù lè wọn èyí ní ṣọ́ọ̀bù. Áàpù ọ̀fẹ́ tó ń ka lux pọ̀, ojú tó fi ń rí ìmọ́lẹ̀ sì wà lókè iwájú fóònù. Kí wọ́n tan àwòrán funfun tó fẹ̀ ní mítà kan, kí wọ́n pa iná. A fi fóònù kan ògiri, kó kọjú sí projector, a ka ojú mẹ́sàn-án yẹn. Ká ní ìpíndọ́gba rẹ̀ jẹ́ 350: mítà kan lọ́nà 0.56 ni àwòrán, nítorí náà 350 lọ́nà 0.56 jẹ́ 196. Lumen 196 nìyẹn, kì í ṣe 9,000. Tí ṣọ́ọ̀bù ò bá ṣókùnkùn tán, a ó fọwọ́ bo lẹ́ǹsì, a ó ka ohun tó wà lára ògiri láìsí projector, a ó yọ ọ́ kúrò. Fóònù kì í ṣe irinṣẹ́ tó péye, àmọ́ àárín 196 àti 9,000 fẹ̀ kọjá ibi tí àṣìṣe fóònù lè dé.

Nígbà tí iná ṣọ́ọ̀bù ṣì wà ní pípa, flash tí a mú wá látilé ló kàn. Àwòrán ìwé kan tó kún fún lẹ́tà kéékèèké ni kó wà nínú rẹ̀, kì í ṣe fíìmù. Fíìmù tí ọlọ́jà ń fi hàn, tí ẹja aláràbarà ń lúwẹ̀ẹ́ nínú òkun, kò sí projector tí kì í dáa lójú. Lẹ́tà la fi ń mọ̀. Ká kọ́kọ́ wo àárín, ká wá wo igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Lẹ́ǹsì tí kò dáa máa ń mú àárín gaara, kó sì fi igun sílẹ̀ ní bàìbàì. Tí a bá yí i títí igun fi mọ́, àárín á ṣú. Kí a gbé ẹ̀rọ náà taara síwájú ògiri. Tí wọ́n bá gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́, tí wọ́n fi keystone tún àwòrán tó wọ́ ṣe, ẹ̀rọ náà á pa lára àwọn ojú kéékèèké yẹn kó tó lè tọ́, lẹ́tà á sì dí.

Ibi tí afẹ́fẹ́ ń gbà nínú rẹ̀ tún yẹ ní wíwò. Nínú LCD tí kò ní ìdérí, fáànù ń fẹ́ afẹ́fẹ́ gba ojú gíláàsì kọjá, eruku á sì bá a wọlé. Eruku kan ṣoṣo tó bà lé gíláàsì yẹn, tí lẹ́ǹsì sọ di ńlá, á tó owó ẹyọ lára ògiri. Lásìkò ọyẹ́ ní Ìlọrin, tí eruku ń wọ inú kọ́bọ́ọ̀dù tí a tì pa, oṣù kan ti pọ̀ jù kí irú àmì bẹ́ẹ̀ tó yọ. Èyí tí wọ́n ti ojú ọ̀nà ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ pa pátápátá ló yẹ ká wá, kódà bó bá gbà pé ká fi nǹkan lé owó.

Ní ti iná, nọ́ńbà watt wà lára ṣájà rẹ̀. Projector 60 watt tó bá ń ṣiṣẹ́ fún wákàtí méjì á jẹ 120 watt-hour. Power bank 20,000 mAh kò ju bí 74 lọ, apá kan yóò sì ṣòfò. Fíìmù á dá dúró ní ìdajì, ìyẹn tí irú ẹnu USB tó lè gbé 60 watt bá tilẹ̀ wà lára rẹ̀. Èyí tó ní bátìrì nínú máa ń dín ìmọ́lẹ̀ kù fúnra rẹ̀ nígbà tó bá ń lo bátìrì, nítorí náà kí wọ́n yọ wáyà rẹ̀ lójú wa ká tó sanwó. Inverter ilé kékeré gbé e láìní wàhálà.

Ohùn rẹ̀ kì í ju ti rédíò kékeré lọ, òjò kan lórí páànù ti bò ó mọ́lẹ̀. Sípíkà tó ní wáyà dáa ju ti Bluetooth, tí ẹnu máa ń ṣí kí ọ̀rọ̀ tó jáde. Fóònù sì máa ń kọ̀: ọ̀pọ̀ áàpù fíìmù tí a ń sanwó fún kì í jẹ́ kí wọ́n gbé àwòrán wọn láti ojú fóònù sára projector, ohùn nìkan á máa dún lórí ojú dúdú. Ọ̀pọ̀ fóònù olówó kékeré kì í sì í gbé àwòrán gba ẹnu USB-C jáde, wáyà yòówù tí wọ́n bá tà fúnni. Laptop pẹ̀lú wáyà HDMI, tàbí flash tí fídíò MP4 wà nínú rẹ̀, ni kì í dójú ti tíṣà.

Ọ̀rọ̀ ìnáwó ló kù, àti ìwé ọjà. Kí ọlọ́jà kọ ọjọ́ tí a lè dá a padà sínú rẹ̀ pẹ̀lú ọwọ́ ara rẹ̀, kó sì kọ 196 tí a jọ kà lára ògiri sí ẹ̀gbẹ́ iye owó. Bó bá ní òun ò lè kọ ọ́, páálí méjì yòókù ṣì wà lórí káńtà, ògiri náà ò sì tíì kúrò níbẹ̀.