Ògbólógbòó láptọ́ọ̀pù tó ń darí eré mọ́tò

Láptọ́ọ̀pù kan wà nílé wa tí bọ́tìnnì mẹ́ta ti bọ́ lára kíbọ́ọ̀dù rẹ̀. Linux, ètò ọ̀fẹ́ tó ń darí kọ̀ǹpútà bíi Windows, ni mo fi sí i. Bí ẹ bá ṣí SuperTuxKart lórí rẹ̀, ìyẹn géèmù eré mọ́tò ọ̀fẹ́ tí Tux, pẹngúìnì tí í ṣe àmì Linux, wà lára àwọn awakọ̀ ibẹ̀, mọ́tò á kàn máa fò bí ọ̀pọ̀lọ́ ni. Síbẹ̀, òun gan-an ni àwọn ọmọ ilé wa fi ń figagbága lórí fóònù wọn. Ìbéèrè kì í tán lẹ́nu ẹni tó bá rí i.

Kò lè gbé géèmù fún ẹnì kan, báwo ló ṣe wá ń gbé e fún ènìyàn mẹ́jọ?

Kò gbé e fún ẹnikẹ́ni. Yíya àwòrán ló máa ń da kọ̀ǹpútà láàmú: igi, òjìji, omi, iná tó ń jáde nídìí mọ́tò. Fóònù kálukú ló ń ya tirẹ̀. Sáfà, ìyẹn láptọ́ọ̀pù tó ń darí eré náà, ò ya nǹkan kan. Rẹfirí ni, rẹfirí kì í sì í gbá bọ́ọ̀lù. Bí ọmọ kan bá yà sọ́tùn-ún, fóònù rẹ̀ á sọ fún sáfà, sáfà á ṣírò ibi tó dé, bóyá ó ti gun ọ̀gẹ̀dẹ̀ tó wà lójú ọ̀nà, á sì ròyìn fún àwọn yòókù. Nọ́ńbà kéékèèké ló ń lọ tó ń bọ̀. Ẹ yọ skríìnì láptọ́ọ̀pù náà dànù, kò ní mọ̀.

Láptọ́ọ̀pù tèmi ti pẹ́ gan-an, 32-bit ni, irú ti àtijọ́.

Debian 12, irú Linux kan, ṣì gbà á. Ẹ má wulẹ̀ dán Debian 13 ti ọdún 2025 wò.

Báwo lẹ ṣe ń tan sáfà náà?

Láti ẹ̀dà 1.0, tó jáde ní oṣù kẹrin ọdún 2019, ni géèmù yìí ti ní eré orí nẹ́tíwọ́ọ̀kì. Ìlà kan ni mò ń tẹ̀ sínú terminal, fèrèsé tí a ti ń kọ àṣẹ fún kọ̀ǹpútà (eto.xml ni fáìlì ètò sáfà, Ile ni orúkọ rẹ̀):

supertuxkart --server-config=eto.xml --lan-server=Ile --network-console

Ẹni tó bá wà lórí Wi-Fi kan náà á rí "Ile". Kò jẹ dátà rárá. Ràútà tí ẹ ò tíì sanwó rẹ̀ lóṣù yìí gan-an tó o.

Mo tẹ̀ ẹ́, fóònù ò rí i.

Fàìáwọ́ọ̀lù, ẹ̀ṣọ́ tó ń dí ohun tó bá fẹ́ gba orí nẹ́tíwọ́ọ̀kì wọ kọ̀ǹpútà, ni mo máa kọ́kọ́ fura sí. Pọ́ọ̀tù (ẹnu ọ̀nà tó ní nọ́ńbà) 2757 ni fóònù fi ń wá sáfà, 2759 ni eré ń gbà. UDP, ọ̀kan lára ọ̀nà tí kọ̀ǹpútà ń gbà ránṣẹ́ síra wọn, ni méjèèjì:

sudo ufw allow 2757,2759/udp

TCP, ọ̀nà mìíràn, ni mo kọ́kọ́ ṣí, tí mo fi odindi alẹ́ kan bú ràútà aláìṣẹ̀. Bí ọ̀rọ̀ kan bá sọnù lọ́nà, TCP á tún un rán, àwọn tó wà lẹ́yìn á sì máa dúró dè é. UDP ò dúró de ẹnikẹ́ni. Nínú eré ìje, ibi tí mọ́tò wà ní ìṣẹ́jú àáyá kan sẹ́yìn ti di ọ̀rọ̀ àná. Ta ló fẹ́ gbọ́ ọ mọ́?

Ṣé ẹ̀gbọ́n mi tó wà ní Lọ́ńdọ̀nù lè wọlé?

Ibẹ̀ ló ti le. Ọ̀pọ̀ íntánẹ́ẹ̀tì orí síìmù ló ń kó ogunlọ́gọ̀ oníbàárà sábẹ́ àdírẹ́sì kan ṣoṣo. Ẹ wo ilé face-me-I-face-you tí nọ́ńbà kan wà lẹ́nu géètì rẹ̀: lẹ́tà dé, yàrá wo ló ni ín? Géèmù náà ní ọgbọ́n tó ń dá sí i, àmọ́ kì í ṣiṣẹ́ nígbà gbogbo. Sáfà tó bá fẹ́ gba ará òde sì gbọ́dọ̀ ní àkáǹtì. Tèmi ò kọjá àgbàlá wa.

Bí wọ́n bá mú iná lọ ńkọ́?

Bátìrì láptọ́ọ̀pù á gbé e fúngbà díẹ̀. Ràútà ló máa kú, torí náà mo máa ń tan hotspot fóònù mi.

Ìderí ni kí ẹ ṣọ́ra fún. Bí ẹ bá pa láptọ́ọ̀pù dé, oorun ló máa sùn, eré á sì dá dúró. Ẹ kọ HandleLidSwitch=ignore sínú /etc/systemd/logind.conf, kí ẹ sì tún un tàn. Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi ló kọ́ mi: ó rọra pa á dé "kí eruku má baà wọ̀ ọ́", nígbà tí ẹni tó wà níwájú ku igun kan péré.