Òòfà Kì Í Ṣe Kọ́ìlì

"Ọ̀gá, kọ́ìlì tún ti jó o." Láàárín ọ̀sẹ̀ méjì, ènìyàn mẹ́ta ló pè mí lórí ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo yìí. Kọ́ìlì fáàfù sọlẹ́nọ́ìdì ni wọ́n ń wí, wáyà wíwé tó wà lórí fáàfù tó ń fi iná mànàmáná ṣí ọ̀nà omi tàbí ti gáàsì. Ọ̀kan nínú wọn ní ilé iṣẹ́ píọ̀ wọ́tà l'Ógbómọ̀ṣọ́. Kọ́ìlì mẹ́rin ló ti rà láti ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn. Ó ní àwọn tí kò fẹ́ kí òun rọ́wọ́ mú ló wà nídìí ẹ̀, òun sì ti ń gbààwẹ̀ lórí rẹ̀. N kò bá ẹnikẹ́ni jà lórí ẹ̀sìn. Ṣùgbọ́n mo tú fáàfù náà lójú rẹ̀, mo yọ irin tó ń gòkè sọ̀kalẹ̀ nínú rẹ̀ sí àtẹ́lẹwọ́ mi, irin tí kò tó ìka ọmọdé, mo sì fi hàn án: wóró yanrìn mẹ́ta ló lẹ̀ mọ́ ọn, pẹ̀lú fọ́nrán téèpù funfun tí púlọ́ńbà máa ń wé sẹ́nu páìpù. Ohun tó ń pa kọ́ìlì nìyẹn. Ọ̀tá kankan kò wọ ibẹ̀.

Bí fáàfù sọlẹ́nọ́ìdì ṣe ń ṣiṣẹ́ kò gba àlàyé púpọ̀. Ẹni tó bá ní ẹ̀rọ ìfọṣọ tó ń fa omi fúnra rẹ̀ ti ní in nílé. Iná wọ kọ́ìlì, kọ́ìlì di òòfà, ó fa irin náà sókè, ọ̀nà là. Iná lọ, sípíríǹgì ti irin náà padà, ọ̀nà dí. Ẹ fi ti ìgbà tí iná bá lọ yìí sọ́kàn, mo ń padà bọ̀ wá bá a.

Ìdí tí kọ́ìlì fi ń jó ni mo fẹ́ kí ẹ gbọ́ yé, nítorí ọ̀pọ̀ àwọn tó ń pe ara wọn ní oníná kò mọ̀ ọ́n. Kọ́ìlì tó ń lo iná AC, irú èyí tó ń bọ̀ láti ara òpó NEPA, kì í fa iná kan náà nígbà gbogbo. Kí irin tó gòkè jókòó, iná tó ń fà sábà máa ń tó ìlọ́po méjì èyí tó ń fà lẹ́yìn tí irin bá ti jókòó tán, tàbí kó jù bẹ́ẹ̀ lọ. Kò burú, nítorí kí ojú tó ṣẹ́, irin ti dé òkè. Bí yanrìn bá wá há irin náà sí àárín ọ̀nà ńkọ́? Kọ́ìlì á máa fa iná ńlá yẹn lọ láìdúró, títí á fi jó. Bẹ́ẹ̀ náà ni tí iná bá wálẹ̀ lálẹ́. Wọ́n kọ fóòtì 230 sára kọ́ìlì yín. Àwọn tó ṣe é sábà máa ń fàyè gba ìdá mẹ́wàá nínú ọgọ́rùn-ún sókè àti sísàlẹ̀, ìyẹn 207 sí 253. Tó bá jẹ́ 150 ló ń wọlé láago mẹ́jọ alẹ́, kọ́ìlì ò lágbára tó máa fa irin dé òkè, á kàn máa kùn hùn-ùn-ùn. Ẹni tó bá gbọ́ ìkùn yẹn, kó yáa pa á.

Èyí tó ń dùn mí jù ni ti àwọn tó ń yọ kọ́ìlì kúrò lórí fáàfù, tí wọ́n á gbé e lọ́wọ́, tí wọ́n á fi iná sí i láti fi wò ó bóyá ó ń ṣiṣẹ́. Irin wo ló fẹ́ fà nínú afẹ́fẹ́? Ìṣẹ́jú díẹ̀, ó ti kú. Ẹ fi mítà wọn ọ́ láìsí iná lára rẹ̀, ó parí. Tó bá wà lórí fáàfù tó sì gbóná débi tí ọwọ́ kò lè gbà á, kò túmọ̀ sí pé ó bàjẹ́. Bí wọ́n ṣe ṣe é nìyẹn.

Ẹ fi omi ṣan páìpù kí ẹ tó so fáàfù mọ́ ọn, kí asẹ́ sì wà níwájú rẹ̀. Kọ́ìlì kó kọjú sókè. Ẹ má di kọ́ìlì mú bí ìgbà téèyàn di ọwọ́ ìkòkò mú tí ẹ bá ń fún fáàfù náà mọ́ páìpù, ara idẹ fáàfù ni sípánà ń lọ. Ní ti rọ́bà inú fáàfù, irú èyí tí wọ́n ń pè ní EPDM dára fún omi gbígbóná. Tí dísù bá kàn án, á wú.

Ọ̀rọ̀ tánkì, pé fáàfù tuntun kò ṣí, ni wọ́n tún ń tìtorí rẹ̀ bú àwọn ọlọ́jà. Bar ni wọ́n fi ń wọn agbára tí omi fi ń ti nǹkan. Omi tó ga ní nǹkan bíi mítà 10 ló ń fúnni ní agbára bar 1. Tánkì tó fi mítà 3 ga ju fáàfù lọ, bar 0.3 péré ni. Ọ̀pọ̀ fáàfù tó wà lọ́jà sì ń fẹ́ tó 0.5 kí rọ́bà inú rẹ̀ tó lè gbéra, nítorí agbára omi gan-an ló fi ń ṣí. Ẹ wo ara rẹ̀ kí ẹ tó sanwó: tí ẹ bá rí "0.5–10 bar", kì í ṣe ti tánkì yín. Èyí tó bẹ̀rẹ̀ láti 0 ni kí ẹ bèèrè.

Ó wá kan ti béékárì. Ìbàdàn ni. Wọ́n pè mí pé kí n wá wo mọ́tò ẹ̀rọ tó ń po ìyẹ̀fun, àmọ́ ẹnu ọ̀nà ni mo ti gbọ́ òórùn gáàsì. Mo tẹ̀lé òórùn náà dé ẹ̀yìn ààrò. Kọ́ìlì fáàfù gáàsì kò sí níbẹ̀ mọ́. Òòfà ẹ̀yìn sípíkà, rìbìtì, tó nihò láàárín, ni ẹnì kan gbé wọ orí fáàfù náà, ó sì fi rọ́bà táyà dè é pinpin. Màmá tó ni béékárì ní, "Ẹnjiníà, ó ti lé lóṣù kan, kò jó mọ́." Kò lè jó, nítorí kò sí iná nínú rẹ̀. Ìdí yẹn náà ni fáàfù kò fi lè tì: òòfà yẹn ń fa irin sókè tọ̀sán-tòru.

Nítorí kó lè tì ni wọ́n ṣe fi í síbẹ̀. Bí iná ààrò bá kú, tàbí tí NEPA bá mú iná lọ, fáàfù yẹn ló yẹ kó dá gáàsì dúró láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni dé ibẹ̀. Òòfà kò mọ̀ pé iná ti lọ. Gáàsì ìdáná sì wúwo ju afẹ́fẹ́ lọ, ilẹ̀ ló ń fà lọ. Àwọn ọmọ mẹ́rin tó ń po ìyẹ̀fun, orí ẹní ni wọ́n ń sùn, lẹ́gbẹ̀ẹ́ àpò fúláwà.

Mo ti ẹnu sílíńdà, mo ṣí gbogbo ilẹ̀kùn, mo ní kí ẹnikẹ́ni má fọwọ́ kan súìṣì. Ìgbà tí òórùn lọ tán ni mo tú rọ́bà táyà yẹn, tí mo fa òòfà náà yọ. Mo gbọ́ "tọ́" nínú fáàfù, sípíríǹgì ti irin padà sílé rẹ̀ lẹ́yìn oṣù kan. Màmá bẹ̀ mí pé kí n dá a padà títí di Sátidé, wọ́n ní búrẹ́dì òde tí wọ́n ti gbowó rẹ̀. Mo ní, "Màmá, ẹ má bínú, ọwọ́ mi kọ́ ni." Inú bí wọn. Mo gbé òòfà náà sínú àpò mi, mo lọ ra kọ́ìlì tuntun wá.

Òòfà náà wà lórí tábìlì mi níbi tí mo ti ń kọ èyí. Ìwọ tó gbé e síbẹ̀, o ò lè sọ pé ibì kan ṣoṣo lo gbé irú rẹ̀ sí. Padà lọ yọ wọ́n lónìí, kí ilẹ̀ tó ṣú.