Bí ìgbì ìmọ́lẹ̀ ṣe ń tú àṣírí blazar

Ní 1929, Cuno Hoffmeister, onímọ̀ ìràwọ̀ ará Jámánì, rí ohun kan lójú ọ̀run tó ń mọ́lẹ̀ tó tún ń ṣe bàìbàì. Ó kọ ọ́ sílẹ̀ pé ìràwọ̀ ni, wọ́n sì fún un lórúkọ ìràwọ̀: BL Lacertae. Ó tó nǹkan bí ogójì ọdún kí wọ́n tó mọ̀ pé kì í ṣe ìràwọ̀ rárá, àárín agbo ìràwọ̀ mìíràn tó jìnnà réré sí tiwa ni. Orúkọ náà ti lẹ̀ mọ́ ọn nígbà yẹn, kò sì kúrò lára rẹ̀ títí dòní.

Blazar ni wọ́n ń pe irú nǹkan bẹ́ẹ̀. Ihò dúdú kan tó wúwo ju oòrùn lọ ní ìlọ́po ọ̀pọ̀ mílíọ̀nù wà láàárín rẹ̀, ó ń fa gáàsì mọ́ra. Kì í ṣe gbogbo rẹ̀ ló ń gbé mì. Apá kan ń tú jáde bí ọ̀ṣọ̀ọ̀rọ̀, eré rẹ̀ sì fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ti ìmọ́lẹ̀. Ohun tó ya blazar sọ́tọ̀ ni pé ọ̀ṣọ̀ọ̀rọ̀ yìí dojú kọ ayé. Ìdí nìyẹn tó fi mọ́lẹ̀ tó bẹ́ẹ̀, ìdí kan náà ló sì fi ṣòro láti wò: ẹni tí wọ́n tan tọ́ọ̀ṣì sí lójú kì í rí ọwọ́ tó mú tọ́ọ̀ṣì. Awò tó ń lo ìgbì rédíò lè ya díẹ̀ lára ọ̀ṣọ̀ọ̀rọ̀ náà, ṣùgbọ́n nínú ìtànṣán X (irú èyí tí wọ́n fi ń ya àwòrán egungun nílé ìwòsàn), níbi tí iṣẹ́ ti gbóná jù, ẹyọ àmì kan ṣoṣo ló máa ń hàn.

Ohun tó kù láti bi léèrè ni bí ìgbì ìmọ́lẹ̀ náà ṣe ń mì. Bí ènìyàn méjì bá di okùn mú, tí ọ̀kan ń jù ú sókè sódò, okùn á máa mì lóòró; bó bá ń jù ú sọ́tùn-ún sósì, á máa mì ní ìbú. Ìgbì ìmọ́lẹ̀ oòrùn ń mì sí gbogbo ìhà láìní ètò. Bí ọ̀pọ̀ ìgbì bá wá ń mì sí ìhà kan náà, èyí ni polarization, ìtò ìgbì. Nọ́ńbà méjì ni wọ́n fi ń wọ̀n ọ́n: ìdá mélòó nínú 100 ló tò, àti igun tó tò sí.

Inú òòfà ni ìtò yìí ti ń wá. Ẹ́lẹ́kítírọ́nì, egunrín tíntìntín inú átọ́ọ̀mù, tó ń sáré nínú ọ̀ṣọ̀ọ̀rọ̀ náà kì í lọ tààrà. Ńṣe ló ń lọ́ yípo ìlà òòfà, ìyẹn ìlà tí agbára òòfà ń tọ̀, bí ewéko ṣe ń lọ́ mọ́ igi iṣu, bó sì ṣe ń yí ló ń tan ìmọ́lẹ̀. Ìgbì ìmọ́lẹ̀ ọ̀hún máa ń mì ní dídábùú ìlà òòfà náà. Nítorí náà, igun ìtò ń sọ ibi tí òòfà kọjú sí. Bí gbogbo ìlà òòfà bá tò gbọnrangandan, ìtò lè ju ìdá 70 lọ. Bí wọ́n bá lọ́ mọ́ra wọn bí òwú tí ọmọdé fi ṣeré, ìhà kan á pa ìhà kejì rẹ́, ìdá náà á wálẹ̀.

Wíwọn ìtò ìmọ́lẹ̀ tí ojú ń rí kò le púpọ̀: gíláàsì pàtàkì kan ni yóò pín in sí méjì tàbí mẹ́rin, wọn á sì fi wọ́n wéra. Ṣùgbọ́n àwọn ìràwọ̀ inú agbo náà ń tan ìmọ́lẹ̀ tiwọn tí kò tò, èyí sì ń bomi la ti blazar, nítorí náà wọ́n gbọ́dọ̀ yọ ọ́ kúrò.

Ìtànṣán X ló nílò ọgbọ́n. Ní 9 Oṣù Kejìlá 2021 ni NASA àti àjọ òfurufú Ítálì fi sátẹ́láìtì IXPE ránṣẹ́. Inú gáàsì ni awò rẹ̀ ń darí ìtànṣán sí. Bí ẹyọ ìtànṣán kan bá kọ lu átọ́ọ̀mù gáàsì, ẹ́lẹ́kítírọ́nì kan á fò jáde, á sì fi ipa ẹsẹ̀ kékeré sílẹ̀. Ìhà tí ìgbì ń mì sí ló sábà máa ń sá sí. Ipa ẹsẹ̀ kan kò tó gbé ẹjọ́ dá. Ó dìgbà tí wọ́n bá kó ẹgbẹẹgbẹ̀rún jọ kí ìhà tó pọ̀ jù tó hàn.

Ní Oṣù Kẹta 2022, wọ́n dojú IXPE kọ blazar kan, Markarian 501, tó jìnnà tó nǹkan bí 460 mílíọ̀nù ọdún ìmọ́lẹ̀ (ọ̀nà tí ìmọ́lẹ̀ ń rìn lọ́dún kan ni ọdún ìmọ́lẹ̀ kan). Ìtò ìtànṣán X jẹ́ nǹkan bí ìdá 10, ti ìmọ́lẹ̀ ojú kò ju bí ìdajì rẹ̀ lọ, ti rédíò tún kéré sí i. Igun wọn bá ọ̀ṣọ̀ọ̀rọ̀ náà lọ, ìyẹn ni pé òòfà dábùú rẹ̀. Ìkọlù ló bá èyí mu jù: gáàsì tó ń sáré kọ lu ìdí èyí tó ń falẹ̀ níwájú, ìlà òòfà tó ti lọ́ mọ́ra sì tẹ́ pẹrẹsẹ ní ojú ìkọlù. Ẹ́lẹ́kítírọ́nì tó lágbára jù ló ń tan ìtànṣán X, agbára rẹ̀ sì ń tètè tán, nítorí náà kì í kúrò nítòsí ibi tí òòfà ti tò. Àwọn tí agbára wọn kéré ń rìn jìnnà, wọ́n sì ń bọ́ sí ibi tó ti dàrú.

Igun ìtò ní ẹ̀tàn tirẹ̀. Kò ní orí, kò ní ìdí: igun 0 àti igun 180 ọ̀kan náà ni. Ẹni tó bá wò ó lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀ kò lè mọ̀ bóyá ó yí díẹ̀ sọ́tùn-ún ni tàbí ó yí púpọ̀ sósì. Wíwò láìdáwọ́dúró ló jẹ́ kí wọ́n rí i, ní Oṣù Kẹfà 2022, pé igun ìtànṣán X ti blazar mìíràn, Markarian 421, ń yí bí igun 80 sí 90 lójúmọ́ kan, tó sì yí po tán, nígbà tí ti ìmọ́lẹ̀ ojú àti rédíò kò bá a yí. Bí ẹni pé ìkọlù náà ń gba ojú òòfà tó lọ́ bí ìgbín kọjá.

BL Lacertae fúnra rẹ̀ yàtọ̀. Àríyànjiyàn ti wà pé bóyá prótọ́ọ̀nù, egunrín inú átọ́ọ̀mù tó wúwo ju ẹ́lẹ́kítírọ́nì lọ, ló ń tan ìtànṣán X rẹ̀, tàbí ẹ́lẹ́kítírọ́nì tó ń gbá ìmọ́lẹ̀ tó ti wà tẹ́lẹ̀ sókè. Bó bá jẹ́ prótọ́ọ̀nù, ìtò ìtànṣán X yóò fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ti ìmọ́lẹ̀ ojú. Bó bá jẹ́ gbígbá, ìtò á bàjẹ́ lójú ọ̀nà. Ní Oṣù Kọkànlá 2023, ìtò ìmọ́lẹ̀ ojú gòkè dé ìdá 47.5. IXPE ń wò ó lásìkò kan náà, ti ìtànṣán X kò sì tó ìdá 7.6. Ẹ́lẹ́kítírọ́nì ni.