Ẹ Dojú Àwo Yẹn Dé Ná

Bí ẹbí kan bá pè mí pé àwọn ń kó ẹrù ilé bàbá àgbà jáde, ní Ìsàlẹ̀ Èkó o, ní Pópó Àgùdà o, ìbéèrè kan náà ni mo máa ń bá lẹ́nu wọn: "Ẹ̀gbọ́n, èló ló lè tà?" Èmi kì í ṣe alájàpá. Títún ohun àtijọ́ ṣe àti kíkọ ìtàn wọn sílẹ̀ niṣẹ́ mi. Iye tí ẹrù ń pa lónìí kì í sọ bí ẹni tó rà á ṣe rí láyé ìjọba òyìnbó. Ibi tí wọ́n gbé e sí nínú ilé àti bí wọ́n ṣe lò ó ló ń sọ ọ́.

Àwo tánńganran ni mo kọ́kọ́ máa ń béèrè, mo sì máa ń dojú rẹ̀ dé, torí ìdí àwo ni òǹtẹ̀ máa ń wà. Láti 1891 ni "England" ti wọ́pọ̀ lára òǹtẹ̀ àwo ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, nítorí òfin owó ibodè tí Amẹ́ríkà ṣe lọ́dún tó ṣáájú, tó ní kí ọjà máa fi orúkọ ilẹ̀ tó ti wá hàn. Èyí tí wọ́n kọ "Czechoslovakia" sí kò lè ju 1918 lọ sẹ́yìn. Orílẹ̀-èdè náà kò tíì sí ṣáájú ìgbà náà. "Occupied Japan", ìyẹn Japan lábẹ́ àkóso àwọn tó ṣẹ́gun rẹ̀ lójú ogun, há sáàárín 1945 sí 1952.

Ọdún nìkan kò tó o. Ẹ kà wọ́n, kẹ́ ẹ sì wò ó bóyá wọ́n jọra. Wọ́n gbé àwo mẹ́tàlá síwájú mi nílé kan, kò sí méjì tó bára mu: òmíràn ní òdòdó aláwọ̀ aró, òmíràn ní etí wúrà, òmíràn ní àmì ọkọ̀ ojú omi. Ọmọ ilé ní olówó ńlá ni bàbá àgbà àwọn. Ìyá àgbà tó jókòó lẹ́nu ọ̀nà rẹ́rìn-ín. "Kúkù ni bàbá ọkọ mi ní Ìkòyí. Bí òyìnbó kan bá ti ń padà relé, á fún un ní àwo kan." Àwo mẹ́fà oníbátànì kan náà, owó ló rà á lẹ́ẹ̀kan náà. Mẹ́tàlá tí kò jọra yìí, ọ̀gá mẹ́tàlá ni wọ́n. Síbẹ̀ pálọ̀ ni wọ́n tò ó sí, kò sì sí ojú ọ̀bẹ lára ọ̀kankan: ẹnikẹ́ni ò fi jẹun rí. Kúkù náà mọ ohun tó fẹ́ kí àlejò rí.

Nínú gbogbo ẹrù ilé, ẹ̀rọ ìránṣọ ẹlẹ́sẹ̀ ni mo fẹ́ràn jù. Nọ́ńbà wà lára irin Singer. Èyí tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú F tàbí Y, Clydebank ní Scotland ni wọ́n ti sábà ṣe é. Ilé iṣẹ́ Singer lókìkí fún títà á ní san-díẹ̀-san-díẹ̀, nítorí náà ẹni tó ní i kò ní láti lówó lọ́wọ́ tẹ́lẹ̀. Ẹ tẹríba wo irin tí ẹsẹ̀ ń tẹ̀. Bí ọnà ara rẹ̀ bá ṣì yọ kedere, ohun ọ̀ṣọ́ ni. Bí àtẹ́lẹsẹ̀ bá ti pa á dán bíi díńgí, tí ọ̀tún jẹ ju òsì lọ, ẹnìkan ti fi ṣiṣẹ́ jẹun fún ọdún gbọọrọ, ó sì ṣeé ṣe kí owó ilé-ìwé ọmọ ti ibẹ̀ jáde.

Àpótí asọ̀rọ̀mágbèsì ńkọ́? 1935 ló dé Èkó. Wáyà ni ohùn ń gbà wọlé, oṣooṣù ni wọ́n sì ń san owó rẹ̀. Oníṣòwò lè pa owó rẹpẹtẹ lóṣù yìí kó má rí kọ́bọ̀ lóṣù tó ń bọ̀; akọ̀wé ìjọba àti òṣìṣẹ́ rélùwéè mọ iye tí wọ́n máa gbà. Bí mo bá rí ihò wáyà lójú ògiri, kódà tí àpótí ti sọnù, olówó oṣù ló kọ́kọ́ ń sọ sí mi lọ́kàn.

Ẹ jọ̀ọ́, kẹ́ ẹ tó gbé ohunkóhun, ẹ ya fọ́tò rẹ̀ níbi tó wà. Ẹ má fi kànrìnkàn onírin ha á. Ìdọ̀tí tẹ́ ẹ ń bínú sí yẹn lè jẹ́ ìdajì ìtàn.

Kì í sì í ṣe ìgòkè nìkan ni ẹrù ń sọ. Ní 1955, ìjọba bẹ̀rẹ̀ sí wó ilé láàárín gbùngbùn Èkó, wọ́n sì kó ọ̀pọ̀ èèyàn lọ Sùúrùlérè. Mo rí kọ́bọ́ọ̀dù ìrókò kan níbẹ̀, ọmọlangidi igi méjì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn rẹ̀, àmọ́ wọ́n ti fi ayùn gé adé orí kọ́bọ́ọ̀dù náà kó lè wọ yàrá tí wọ́n fún wọn. Àwọn ọmọ ní kí n gbẹ́ adé mìíràn sí i. Mo kọ̀. Ojú ayùn náà ṣì wà níbẹ̀, ó rí gbágungbàgun; ẹni tó gé e ń kánjú.